Agbára pọ́lùsì lésà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń fi lésà gé nǹkan tàbí tó ń fi ṣe fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń bá ẹ̀rọ lésà ṣiṣẹ́ máa ń bi mí jù. Bí wọ́n ṣe máa ń wá ni mo ṣe tò wọ́n. Ohun kan ló wà lọ́kàn mi nínú gbogbo ìdáhùn náà: iye mílíjúùlù tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, àfi tí a bá mọ bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé ṣe fẹ̀ tó, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó kú.

Kí ni à ń pè ní pọ́lùsì, kí sì ni agbára rẹ̀?

Lésà kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jáde láìdáwọ́ dúró, bí omi ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀. Òmíràn ń tú tirẹ̀ jáde ní ẹyọ-ẹyọ: á bù yẹ̀rì, á kú, á tún bù yẹ̀rì, bí ìgbà tí mànàmáná bá ń kọ. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni pọ́lùsì. Gbogbo agbára tó wà nínú ẹyọ náà ni agbára pọ́lùsì, júùlù la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Lésà àkọ́kọ́ láyé, èyí tí Theodore Maiman tàn ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960 ní ilé ìwádìí Hughes ní Malibu, pọ́lùsì ló ń tú jáde. Òkúta ruby ni ó fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1965, àwọn olùwádìí Smith àti Turner ti ń fi lésà ruby ṣe fíìmù, ìyẹn ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo ojú nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da àlàyé rú. Nínú èdè wa, agbára la máa ń pe ohun tí júùlù ń wọ̀n, agbára náà la tún ń pe ohun tí wáàtì ń wọ̀n. Níbí, agbára ni èyí tí a ń fi júùlù wọ̀n. Èyí tí a ń fi wáàtì wọ̀n, ìyẹn bí agbára ṣe ń tètè jáde tó, ìyára agbára ni màá máa pè é.

Ẹ wo lésà kan tó ń tú 200 mílíjúùlù jáde láàárín 20 nánósẹ́kọ́ńdì (nánósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá pín agbára náà ká orí gbogbo ìṣẹ́jú àáyá yẹn, wáàtì 2 péré ni. Ṣùgbọ́n ní àsìkò kíún tí pọ́lùsì ń lọ lọ́wọ́, mẹ́gáwáàtì 10 ni. Ẹni tó bá ń wo wáàtì 2 yẹn nìkan kò ní mọ ìdí tí irin fi ń di èéfín níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ mi lè tú 200 mílíjúùlù jáde. Ṣé ó tó fún iṣẹ́ mi?

Mi ò lè sọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ bí ojú ibi tó ń bà lé ṣe fẹ̀ tó fún mi.

Tí 200 mílíjúùlù bá tàn ká orí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́nà méjèèjì, 0.2 J/cm² ni, ìyẹn júùlù 0.2 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró. Ọ̀pọ̀ ohun kò ní ju kó gbóná díẹ̀ lọ. Ẹ fi lẹ́ǹsì kó o jọ sórí ibi tó fẹ̀ ní mílímítà 2, tó gùn ní mílímítà 5, ó ti di 2 J/cm², ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún kó o jọ sórí ibi tó fẹ̀ ní mílímítà 1, tó gùn ní mílímítà 2, ó di 10 J/cm², ohun tó ń jáde lójú irin kì í wá ṣe átọ́ọ̀mù nìkan mọ́, ẹ̀kán irin dídà ti dà á pọ̀. Agbára kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agbára tí a fi ojú ibi tó bà lé pín yìí ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní fluence, òun sì ni nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ tún wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tẹ́ sí lójú ibẹ̀. Ti lésà KrF (lésà oní gáàsì krypton àti fluorine; ArF àti XeCl tí ẹ ó bá níwájú jẹ́ irú rẹ̀) sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín bí orí tábìlì, ìyẹn ni ìṣirò òkè yìí bá mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lésà mìíràn ga láàárín, wọ́n sì ń rẹlẹ̀ lọ sí etí bí òkìtì. Fún irú èyí, ẹ sọ agbára pọ́lùsì di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi πw² pín in, ẹ ó rí fluence àárín gbùngbùn. w ni ìwọ̀n láti àárín dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbàgbé ìlọ́po méjì yẹn á máa rò pé òun wà ní 1 J/cm² nígbà tí àárín ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní 2.

Pọ́lùsì 10 máíkírójúùlù gé irin mi dáadáa, ti 200 mílíjúùlù ń sun ún. Kí ló fà á?

Àkókò ni. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé irin, ẹlẹ́ẹ̀kítírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ ń gba agbára náà. Ó ń gbà wọ́n tó píkósẹ́kọ́ńdì mélòó kan (ẹgbẹ̀rún píkósẹ́kọ́ńdì ló wà nínú nánósẹ́kọ́ńdì kan) kí wọ́n tó pín in fún àwọn átọ́ọ̀mù, ìgbà yẹn ni ohun tí a mọ̀ sí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Pọ́lùsì nánósẹ́kọ́ńdì gùn ju àsìkò yẹn lọ fíìfíì. Kó tó parí, ooru ti ń rìn wọnú irin: nínú bàbà, láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 10, ó lè rìn tó máíkírómítà 1 sí 2. Ibi tó bá rìn dé á yọ́, èyí tó yọ́ á ta sí ẹ̀gbẹ́, á sì dì bí ètè yí ihò náà ká.

Pọ́lùsì fẹ́ńtósẹ́kọ́ńdì, tó kéré sí píkósẹ́kọ́ńdì ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ti dé, ó ti lọ, kí àwọn átọ́ọ̀mù tó gbọ́. 10 máíkírójúùlù nínú 100 fẹ́ńtósẹ́kọ́ńdì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 100. Ìdá kan nínú ọ̀nà 20,000 agbára pọ́lùsì ńlá yẹn ni, síbẹ̀ ìyára agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá tirẹ̀. Tí ẹ bá kó o jọ sórí ibi roboto tó fẹ̀ ní 30 máíkírómítà, ó ti tó nǹkan bí 1.4 J/cm².

Ó pẹ́ kí a tó lè fi agbára tó nípọn sínú irú pọ́lùsì kúkúrú bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà á ba àwọn gíláàsì inú lésà fúnra rẹ̀ jẹ́. Donna Strickland àti Gérard Mourou ló rí ọ̀nà àbáyọ ní Yunifásítì Rochester ní 1985: wọ́n na pọ́lùsì náà gùn, wọ́n fi kún agbára rẹ̀ nígbà tó ṣì gùn, wọ́n wá fún un padà sí kúkúrú. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel físíìsì ọdún 2018.

Ẹ má wá rò pé pọ́lùsì kúkúrú kì í sun nǹkan. Tí agbára bá pọ̀ jù, tàbí tí àwọn pọ́lùsì bá ń tẹ̀ lé ara wọn débi pé ibẹ̀ kò rí àyè tutù, ooru á gbára jọ, ètè á sì yọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti nánósẹ́kọ́ńdì.

Mo máa ń gbọ́ pé ohun kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Ààlà wo nìyẹn?

Fluence kan wà tó jẹ́ pé, bí ẹ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun náà á gbóná, á tutù padà, kò ní fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kúrò. Iye yìí ń yí padà láti ohun dé ohun, láti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan sí òmíràn, àti bí pọ́lùsì bá ṣe gùn tó. Fún sílíkọ́ọ̀nù lábẹ́ pọ́lùsì fẹ́ńtósẹ́kọ́ńdì oní 800 nánómítà (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, òun ló ń sọ àwọ̀ rẹ̀), ó wà ní sàkáání 0.2 J/cm². Gíláàsì silica ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá irú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ náà ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ wọ̀n ti ohun tó wà lọ́wọ́ yín fúnra yín. J. M. Liu ló fi ọ̀nà kan hàn ní 1982 tí mo fẹ́ràn gidigidi, nítorí kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ yin pọ́lùsì kan ṣoṣo sójú ibi tó mọ́, ẹ yí agbára padà, ẹ yìn ín síbòmíràn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbára bíi mẹ́wàá. Ẹ fi maikirosíkóòpù wọn fífẹ̀ àpá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi fífẹ̀ náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ (fífẹ̀ × fífẹ̀), kí ẹ yà á sórí gíráàfù pẹ̀lú lọ́gárídímù agbára. Ìlà tọ́ọ́rọ́ ni yóò jáde. Ibi tí ìlà náà bá ti kan òdo ni ààlà yín, bó sì ṣe dagun tó ni ẹ ó fi mọ w. Nǹkan méjì ni ẹ rí nínú iṣẹ́ kan.

Ibi tí mo ti rí ẹwà ààlà yìí jù ni ojú ènìyàn. Ní 1981, Srinivasan, Wynne àti Blum ní ilé iṣẹ́ IBM rí i pé lésà ArF oní 193 nánómítà ń bó ẹran ara láìjó o. Irú lésà yẹn làwọn dókítà fi ń tún awọ iwájú ẹyinjú ṣe lónìí kí ènìyàn lè ríran láìlo awò. Pọ́lùsì kan ń ṣí nǹkan bí 0.25 máíkírómítà kúrò, ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì jóná.

Tí mo bá sọ agbára di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣé iṣẹ́ á yá ní ìlọ́po mẹ́wàá?

Rárá o. Jíjìn ihò tí pọ́lùsì kan ń gbẹ́ ń tẹ̀ lé lọ́gárídímù fluence tí a fi ààlà pín. Tí ẹ bá wà ní ìlọ́po 10 ààlà, lọ́gárídímù àbáláyé rẹ̀ jẹ́ 2.3. Ní ìlọ́po 100, ó jẹ́ 4.6. Ẹ ti ná agbára ní ìlọ́po mẹ́wàá, jíjìn ihò yín kò ju ìlọ́po méjì lọ. Èyí tó kù ti di ooru, ó ti wọnú ohun tí ẹ kò fẹ́ kó wọ̀.

Ti nánósẹ́kọ́ńdì tún ní ìṣòro mìíràn. Iwájú pọ́lùsì ló ń sọ ojú ohun náà di plásímà, ìyẹn gáàsì tó gbóná débi pé ẹlẹ́ẹ̀kítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀. Plásímà yẹn á wá dúró lójú ọ̀nà, á máa gba ìyókù pọ́lùsì náà mì kó tó dé ilẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fi kún agbára, bẹ́ẹ̀ ni plásímà á máa nípọn sí i.

Fún ìmọ́lẹ̀ tó ga láàárín bí òkìtì, ìṣirò fi hàn pé ibi tí júùlù kan ti ń gbẹ́ ohun tó pọ̀ jù ni ibi tí fluence àárín bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 7.4 ààlà. Ẹni tó bá ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fẹ ojú ibi tó bà lé, tàbí kó pín in sí ìtànṣán púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó sunwọ̀n nígbà tí a dín agbára kù, tí a sì jẹ́ kí pọ́lùsì pọ̀ sí i.

Ṣé pọ́lùsì méjì oní 50 mílíjúùlù dọ́gba pẹ̀lú ẹyọ kan oní 100?

Wọn kò dọ́gba. Tí 50 bá wà nísàlẹ̀ ààlà, ẹ lè yìn ín lẹ́ẹ̀mejì kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń yìn ín sójú kan náà lẹ́ẹ̀kan lé lẹ́ẹ̀kan, ààlà náà fúnra rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pọ́lùsì kọ̀ọ̀kan ń fi ọgbẹ́ kékeré tí ojú kò rí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ààlà tí a wọ̀n pẹ̀lú pọ́lùsì kan kò fi yẹ ní lílò fún iṣẹ́ tó ń gba ẹgbẹ̀rún.

A tún lè mọ̀ọ́mọ̀ pín agbára. Nínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sára chip pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oní 13.5 nánómítà, pọ́lùsì kékeré á kọ́kọ́ lu ẹ̀kán tánganran (tin) dídà kó lè tẹ́ pẹlẹbẹ, lẹ́yìn náà ni pọ́lùsì ńlá á wá sọ ọ́ di plásímà. Bíi 50,000 ẹ̀kán ni wọ́n ń lù báyìí nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Báwo ni lésà ṣe ń di fíìmù?

Ẹ gbé ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fíìmù sínú yàrá òfìfo, ìyẹn àpótí tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Tágẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Ẹ gbé ìtẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí fíìmù máa lé lórí, sí iwájú rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ mú un gbóná. Lésà á gba ojú fèrèsé wọlé, á lu tágẹ́ẹ̀tì ní ìdagun, ahọ́n plásímà á sì yọ. Ohun tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ni pé bó ti wù kí lésà dagun tó, òòró gangan ni ahọ́n náà ń yọ láti ojú tágẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà nínú ahọ́n náà ló ń lọ lé orí ìtẹ́lẹ̀. Pọ́lùsì kan sábà máa ń fi nǹkan bí 0.01 sí 0.1 nánómítà lélẹ̀, nítorí náà fíìmù oní 100 nánómítà lè gba pọ́lùsì 1,000 títí dé 10,000.

Ọ̀nà yìí kò gbajúmọ̀ títí di 1987, nígbà tí Venkatesan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Bellcore ní Amẹ́ríkà fi ṣe fíìmù YBa₂Cu₃O₇, ohun tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan tó bá ti tutù dé nǹkan bí 90 kelvin. Irin mẹ́ta àti ọ́síjìn ló wà nínú rẹ̀. Tí ìwọ̀n ọ̀kan bá yẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Lésà ń kó wọn lọ sórí ìtẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú tágẹ́ẹ̀tì, nítorí ó yára débi pé wọn kò ráyè jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí gan-an ni agbára pọ́lùsì ń yí padà nínú fíìmù?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo nǹkan. Nínípọn ló hàn jù, ìyẹn kò sì le: fluence tó ga ń kó ohun púpọ̀ jáde, fíìmù á tètè nípọn. Èyí tó ń pa iṣẹ́ lára ni àwọn tí ojú kò tètè rí.

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n àdàpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé lésà ń kó o bó ṣe wà, àmọ́ ìyẹn jẹ́ òótọ́ tí fluence bá bọ́ sójú ẹ̀. Tó bá kéré jù, ó di ooru lásán, èyí tó tètè ń fẹ́ á kọ́kọ́ lọ, ìyókù á dúró. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni strontium titanate, SrTiO₃, tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ọ́kísáìdì mọ̀ dunjú. Nínú odidi kírísítà rẹ̀, àlàfo láti ẹyọ kan dé èkejì jẹ́ 0.3905 nánómítà. Fíìmù tí a fi fluence kékeré ṣe sábà máa ń ní strontium lápọ̀jù; èyí tí a fi fluence gíga ṣe, titanium ló ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú méjèèjì, kírísítà náà á wú, àlàfo náà á kọjá 0.3905, ìtànṣán X sì máa ń fi í hàn kedere. Tí ẹ bá ń yí fluence padà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó dé ibì kan láàárín tí àlàfo fíìmù ti bá ti odidi kírísítà mu rẹ́gí. Ibẹ̀ ni ẹ ń wá. Tí ẹ bá rékọjá rẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ nù.

Èkejì ni bí ohun tó ń bọ̀ ṣe ń sáré tó. Nínú òfìfo, àwọn átọ́ọ̀mù inú ahọ́n náà lè ní agbára láti elekitironfóòtì (òṣùwọ̀n kíún tí a fi ń wọn agbára átọ́ọ̀mù) mélòó kan títí kọjá 100. Ìba díẹ̀ nínú rẹ̀ wúlò púpọ̀: átọ́ọ̀mù tó bà lé á lè rìn lójú ìtẹ́lẹ̀, á wá ibi tó yẹ ẹ́ jókòó sí, fíìmù á kún dáadáa, ojú rẹ̀ á dán. Tó bá pọ̀ jù, ńṣe ni wọ́n ń lu fíìmù bí ẹni ń ju òkúta. Wọ́n á máa ti átọ́ọ̀mù kúrò ní ipò rẹ̀, fíìmù á fún, á fẹ́ ká kò, nígbà mìíràn á ṣí kúrò lára ìtẹ́lẹ̀. Wọ́n tún lè máa gbá èyí tó ti jókòó dànù. Òjé ni ìyà yìí máa ń jẹ jù nínú àwọn fíìmù tó ní òjé, nítorí kò dì mọ́ra púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń sá fún lílù yìí. Fíìmù kábọ́ọ̀nù tó le bíi díámọ́ńdì ń fẹ́ kí átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù dé pẹ̀lú agbára tó nípọn kí wọ́n lè dì mọ́ ara wọn bíi ti díámọ́ńdì. Tí ẹ bá fi fluence rírẹlẹ̀ ṣe é, ohun tó rọ̀ bíi ti inú pẹ́ńsùlù lẹ ó bá.

Ẹ̀kán kéékèèké kún ojú fíìmù mi. Ṣé agbára ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Agbára tó pọ̀ jù ń mú kí abẹ́ ojú tágẹ́ẹ̀tì hó, ohun dídà á sì ta jáde bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Ẹ kọ́kọ́ dín fluence kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi sún mọ́ ààlà, láìjẹ́ kí ìwọ̀n àdàpọ̀ yẹ̀. Tí ẹ̀kán náà kò bá dín kù, ẹ má fi agbára ṣeré mọ́. Ẹ wo tágẹ́ẹ̀tì. Tágẹ́ẹ̀tì tí kò ki, tó ní ihò nínú, á máa ta bó ti wù kí ẹ ṣe é. Ẹ yún ojú rẹ̀ kó dán, kí ẹ sì máa yí i kí lésà má gbẹ́ ojú kan. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, bíi 248 nánómítà ti KrF, sàn ju 1064 ti Nd:YAG, lésà oníkírísítà, lọ fún ọ̀pọ̀ ohun, nítorí kì í wọlé jìn kó tó di ooru. Àwọn kan tún máa ń fi abẹ̀bẹ̀ tó ń yí sáàárín: átọ́ọ̀mù ń sáré tó kìlómítà mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀kán dídà kò sáré tó bẹ́ẹ̀ rárá, abẹ̀bẹ̀ á kọjá, á sì gbá ẹ̀kán náà mú.

Ṣé gáàsì inú yàrá náà lè bá mi dẹwọ́ agbára tó pọ̀ jù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Átọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ á máa kọlu gáàsì díẹ̀, bí ọ́síjìn, tí ẹ bá tú sínú yàrá náà, á sì rọra dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá yí agbára padà fi gbọ́dọ̀ ronú nípa ìfúnpá ọ́síjìn àti ìjìnnà ìtẹ́lẹ̀ pa pọ̀. Ẹ fi ojú wo ibi tí orí ahọ́n náà dé. Tó bá ń na kọjá ìtẹ́lẹ̀, lílù ti pọ̀. Tó bá kú kó tó dé ibẹ̀, fíìmù yín á fọ́ lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́.

Mo ti ní fíìmù tẹ́lẹ̀, mo kàn fẹ́ fi lésà tún inú rẹ̀ tò. Agbára wo ni kí n lò?

Kò sí ibi tó fi hàn jù èyí lọ pé púpọ̀ kì í ṣe dáadáa. Lára ìbòjú ọ̀pọ̀ fóònù alágbèéká, fíìmù sílíkọ́ọ̀nù tó nípọn tó nǹkan bí 50 nánómítà wà lórí gíláàsì. Bí a ṣe kọ́kọ́ fi lélẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà wúruwùru, iná kì í sì rìn dáadáa nínú rẹ̀. A ní láti mú un yọ́ kó tún dì bíi kírísítà. Sílíkọ́ọ̀nù kírísítà ń yọ́ ní 1414 °C, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ìbòjú kò lè fara da ohun tó sún mọ́ ọn. Lésà XeCl oní 308 nánómítà ló yanjú rẹ̀: gbogbo pọ́lùsì náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí nánósẹ́kọ́ńdì ọgbọ̀n, sílíkọ́ọ̀nù á yọ́, á dì, ooru kò sì ní ráyè dé inú gíláàsì.

Tí fluence bá kéré, òkè fíìmù nìkan ló ń yọ́, hóró kírísítà rẹ̀ á kéré. Ẹ fi kún un, hóró á máa tóbi. Ẹ wá dé ibì kan tí fíìmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán dé ìsàlẹ̀, tó ku erékùṣù kéékèèké tí kò tíì yọ́. Àwọn erékùṣù yẹn á di irúgbìn, kírísítà á hù láti ara wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́, hóró á tóbi lójijì. Ẹ wá fi díẹ̀ péré kún un: gbogbo rẹ̀ yọ́ pátá, kò sí irúgbìn mọ́, ohun dídà náà á tutù kọjá bó ṣe yẹ, á sì dì níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà sí hóró wínníwínní. James Im àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé èyí ní 1993. Àlàfo tó wà láàárín hóró tó tóbi jù àti hóró tó bàjẹ́ jù tínrín gan-an. Tí agbára bá ń yí láti pọ́lùsì kan sí òmíràn, ibi kan lára ìbòjú á dára, ibi kejì á kù díẹ̀ káàtó.

Mo fẹ́ ṣí fíìmù kúrò láìfọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́.

Ẹ wá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù ń gbà mì tí ìtẹ́lẹ̀ kì í gbà, kí ẹ sì fi fluence sáàárín ààlà àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì oòrùn oní fíìmù sílíkọ́ọ̀nù ń lo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé oní 532 nánómítà láti ẹ̀yìn gíláàsì: ó gba inú gíláàsì àti fíìmù tó mọ́ gaara kọjá, sílíkọ́ọ̀nù ló dá a dúró, sílíkọ́ọ̀nù ló sì fò kúrò.

Fíìmù àná dára, tòní kò dára, bẹ́ẹ̀ mi ò yí nǹkan kan padà.

Ẹ wo fèrèsé yàrá òfìfo yín. Ahọ́n plásímà kò fi fíìmù sórí ìtẹ́lẹ̀ nìkan, ó ń fi díẹ̀díẹ̀ lé fèrèsé tí lésà ń gbà wọlé pẹ̀lú. Ẹ̀rọ á máa kọ iye kan náà síta, àmọ́ ohun tó ń dé orí tágẹ́ẹ̀tì ti dín kù. Èmi fúnra mi pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì nídìí èyí. Mo yí ooru ìtẹ́lẹ̀, mo yí ọ́síjìn, mo ra tágẹ́ẹ̀tì tuntun, kí n tó ronú láti gbé òṣùwọ̀n agbára sẹ́yìn fèrèsé náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára mi ni kò wọlé mọ́. Láti ìgbà náà, mi ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìwọ̀n agbára níwájú fèrèsé àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kejì ni ojú tágẹ́ẹ̀tì, tó ń hu ṣóńṣó kéékèèké bí iṣẹ́ bá ti pẹ́. Ojú tó ti rí ṣóńṣó kì í gba ìmọ́lẹ̀ bíi ti ojú tó dán.

Ọ̀nà wo ló dára jù láti dín agbára kù?

Ẹ má ṣe é láti inú lésà tí ẹ bá lè yẹra fún un. Tí ẹ bá dín fóòtì lésà kù, ìrísí ìmọ́lẹ̀ àti bó ṣe ń tàn ká lè yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tó fa àyípadà nínú fíìmù yín. Ẹ jẹ́ kí lésà ṣiṣẹ́ níbi tó ti fara balẹ̀ jù, kí ẹ fi ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù síwájú rẹ̀.

Kí ni kí n kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ mi ṣe?

Agbára tí ẹ wọ̀n lẹ́yìn fèrèsé, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ kọ. Bí ojú ibi tó bà lé ṣe fẹ̀ tó, àti bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Bóyá fluence tí ẹ kọ jẹ́ ti àárín gbùngbùn ni o, tàbí ti gbogbo rẹ̀ tí a pín dọ́gba. Gígùn ìgbì, gígùn pọ́lùsì, iye pọ́lùsì nínú ìṣẹ́jú àáyá kan àti àpapọ̀ wọn. Ẹ kọ bí agbára ṣe ń yí láti pọ́lùsì kan sí èkejì pẹ̀lú. Tí ẹ bá kọ mílíjúùlù nìkan, ẹni tó wà níbòmíràn kò lè fi ṣe nǹkan kan.

Ṣé agbára tó kéré lè ṣe ojú ní jàǹbá?

Ó lè ṣe é, pọ́lùsì kan ṣoṣo sì tó. Ìmọ́lẹ̀ 1064 nánómítà ò ṣeé rí, ó sì ń gba iwájú ojú kọjá lọ kó ara rẹ̀ jọ sẹ́yìn ẹyinjú, níbi tí a ti ń ríran. Ti 248 ń dúró sí iwájú ẹyinjú, ó sì ń jó o. Awò ààbò tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í sábà dáàbò bo ojú lọ́wọ́ èkejì. Ẹ ka nọ́ńbà ìgbì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó fi sójú. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́ pẹ̀lú, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ta lára wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí kó tó dé ojú.